Òróró ólífì, aáyù àti búrẹ́dì: òní la ṣe é, òní la jẹ ẹ́

Ìyá kan tó ń gbé ní Manchester ló kọ lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn yìí. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Lóṣù tó kọjá, ọkọ mi mú mi lọ sí ilé oúnjẹ àwọn ará Ítálì kan. Kí oúnjẹ wa tó dé, wọ́n gbé búrẹ́dì wá pẹ̀lú àwo pẹrẹsẹ kékeré kan. Òróró ólífì ló wà nínú rẹ̀, aáyù àti ewé gígé sì ń léfòó lórí rẹ̀. Mà, díẹ̀ ló kù ká lá àwo náà. Nígbà tí mo délé, mo da òróró ólífì sínú bílẹ́ńdà pẹ̀lú ẹyọ aáyù mẹ́jọ àti ewé basil, mo lọ̀ ọ́ kúnná. Ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Mo rọ ìyókù sínú ìgò, mo gbé e sórí pẹpẹ ní kíṣìnnì, mo ní bóyá tó bá pẹ́ díẹ̀ á rọlẹ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ṣé mo ṣì lè lò ó? Ọkọ mi máa pé àádọ́ta ọdún lóṣù tó ń bọ̀, ọgbọ̀n èèyàn la pè, mo sì fẹ́ kí wọ́n fi búrẹ́dì àti òróró yìí panu kí ìrẹsì tó jáde. Ṣé mo lè ṣe é sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú? Ṣé efinrin lè dípò basil? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀."

Ẹ kú ìmúra ìnáwó o. Ọkọ yín á pẹ́ láyé, ẹ ó jọ ṣe ọ̀pọ̀ irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ ìnáwó, ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ lọ gbé ìgò orí pẹpẹ yẹn. Ẹ dà á nù. Ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ má ní kí ọkọ yín bá yín tọ́ ọ wò. Ẹ má tilẹ̀ ṣí i. Ẹ fi ọ̀rá wé e tìgò-tìgò, kí ẹ sọ ọ́ sínú ike ìdọ̀tí, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Nígbà tí ọ̀dá bá oko ólífì jà ní Sípéènì lọ́dún 2022 àti 2023, owó òróró yìí fò sókè, kò sẹ́ni tó fẹ́ dà á nù. Síbẹ̀, ẹ dà á nù.

Ìdí rèé. Inú ilẹ̀ ni aáyù ti ń jáde, inú ilẹ̀ náà sì ni kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clostridium botulinum. Nígbà tí aáyù wà nínú apẹ̀rẹ̀, kòkòrò yìí kò lè ṣe nǹkan kan, nítorí pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, atẹ́gùn sì lọ̀tá rẹ̀. Ẹ wá ri aáyù tútù yẹn mọ́ inú òróró. Òróró dí atẹ́gùn mọ́ ọn. Omi ara aáyù ń fún un mu. Aáyù kò kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ìbá jẹ́ pé ó kan ni kíkan náà ì bá lé e. Ooru kíṣìnnì wá bá a lára mu. Ńṣe la ṣe ilé fún un, a tún gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, á sì máa pọ májèlé. Májèlé ọ̀hún kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, òróró náà lè máa dán gbinrin.

Lọ́dún 1985, ní Vancouver ní Kánádà, èèyàn 36 ló kó àìsàn tí májèlé yìí ń fà, tí wọ́n ń pè ní botulism, láti ilé oúnjẹ kan ṣoṣo. Aáyù gígé inú òróró, tí wọn kò gbé sínú fíríìjì, ló fà á. Lọ́dún 1989, irú rẹ̀ tún mú èèyàn mẹ́ta ní Kingston, ní ìpínlẹ̀ New York. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé ẹni tó bá máa ṣe irú aáyù bẹ́ẹ̀ tà gbọ́dọ̀ fi ohun kíkan sí i. Bí ẹ bá yí ìgò aáyù inú òróró tí wọ́n ń tà lọ́jà padà, tí ẹ rí citric acid tàbí fínígà lára ohun tó wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Tiwa tí a ṣe nílé kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Màá kàn gbé e kaná kó hó." Híhó lè ba májèlé jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kòkòrò yìí máa ń di hóró líle kan bí ẹyin (spore), èyí kì í kú sínú omi híhó. Ooru tó ń pa á tó ìwọ̀n 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ alágolo ló ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aáyù tí a ti dín díẹ̀ nínú òróró kò fi yàtọ̀ sí tútù bó bá di ọ̀rọ̀ ká tọ́jú rẹ̀ sórí pẹpẹ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti fẹnu kàn án láìpẹ́ yìí, ẹ máa kíyè sí ara yín. Bí ojú bá ń rí nǹkan kan ní méjì, bí ìpéǹpéjú bá ń wọ́ sílẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu tàbí tí itọ́ ṣòro gbé mì, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé aáyù inú òróró lẹ jẹ. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti tètè mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Ẹ má jẹ́ kí èyí lé yín kúrò nídìí oúnjẹ náà. Ẹni tó bá ṣe é lónìí, tó jẹ ẹ́ lónìí, kò sí ewu kankan fún un. Ohun tí ẹ jẹ nílé oúnjẹ yẹn dùn bẹ́ẹ̀ nítorí pé bóyá kò tíì ju wákàtí kan lọ tí wọ́n gé aáyù rẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kíkorò. Bílẹ́ńdà ló ba tiyín jẹ́, ẹ má dá òróró lẹ́bi. Òróró ólífì tó jẹ́ ojúlówó ní kíkorò tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ó fi pamọ́ sínú ọ̀rá ni. Bí abẹ bílẹ́ńdà bá ń nà án kíkankíkan, tí omi ara aáyù àti ewé sì wà níbẹ̀, kíkorò yẹn á jáde sínú omi, ahọ́n á sì pàdé rẹ̀. Mo ti fi òróró kan náà láti inú ìgò kan náà dán an wò: èyí tí mo fi ṣíbí rò dùn, èyí tí mo lọ̀ mú mi ṣe ojú bíi ti ọmọdé tí wọ́n fi àgbo sí lẹ́nu.

Aáyù náà tún dá kún un. Ẹyọ aáyù tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn, ẹ gbé e sí imú kí ẹ wò. Ọ̀bẹ ló ń jí i. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀ tí ara aáyù pààlà sí àárín wọn. Bí a bá gé e, wọ́n á pàdé, wọ́n á sì di ohun títa kan tí wọ́n ń pè ní allicin. Bí ẹ bá ṣe fọ́ ọ tó ló ṣe máa ta tó. Ẹni tó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ rí títa díẹ̀, ẹni tó rin ín rí púpọ̀, ẹni tó fi bílẹ́ńdà lọ ẹyọ mẹ́jọ nínú òróró tútù ló lọ rọ́ ìjọ̀gbọ̀n wá sílé. Iná ló ń dá ìpàdé yẹn dúró, ìdí nìyẹn tí aáyù tó ti rí iná fi máa ń ní adùn.

Iná tó bá pọ̀ jù náà tún lẹ́jọ́ tirẹ̀. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíṣìnnì ilé oúnjẹ kan, mo gbé òróró àti aáyù kaná, mo yíjú sí ata tí mò ń gé. Nígbà tí mo máa yíjú padà, aáyù ti pọ́n bí ẹ̀yìn àkàrà. Mo yára gbé e kúrò lórí iná, mo rò pé mo ti mórí bọ́. Páànù ṣì gbóná, ó ń dín in lọ ní tirẹ̀. Ọ̀gá mi fi búrẹ́dì kan án, ó tọ́ ọ wò, ó rọra da gbogbo rẹ̀ nù lójú mi, kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ì bá sàn kó bú mi.

Ṣùgbọ́n òróró gan-an ni oúnjẹ yìí, aáyù àti ewé kàn ń bá a ṣeré ni. Ọ̀pọ̀ wa, inú ṣọ́ọ̀ṣì la ti kọ́kọ́ mọ òróró ólífì. Goya là ń pè é nílé, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀, ìgò kékeré tí wòlíì gbàdúrà sí, tí màmá wá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì. Bí irú ìgò bẹ́ẹ̀ bá ti wà lójú fèrèsé yín látìgbà ìsọjí ọdún tó kọjá, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ àdúrà rẹ̀ lọ. Oòrùn, ooru àti ọjọ́ orí ló ń ba òróró ólífì jẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ẹ̀pà tó ti pẹ́ nínú àpò lára rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Èyí tí ẹ máa rà lọ́jà, kí wọ́n kọ extra virgin sára rẹ̀. Orúkọ yẹn lófin nídìí: èso ólífì ni wọ́n fún, wọn kò fi kẹ́míkà yọ ọ́, ásíìdì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tí wọ́n kọ light sí, wọ́n ti fọ òórùn àti ìtọ́wò kúrò lára rẹ̀, ó dáa fún dídín nǹkan, kò ní ohunkóhun láti sọ fún búrẹ́dì. Ẹ mú ìgò tó dúdú, ẹ sì wá ọjọ́ tí wọ́n kórè rẹ̀ bí wọ́n bá kọ ọ́. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò tó ta yín lọ́fun, tó tilẹ̀ mú yín wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má bínú sí i, àmì dáadáa ni. Oleocanthal lorúkọ ohun tó ń ta bẹ́ẹ̀. Ní 2005, àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ jáde pé ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ lára jọ ti ibuprofen, oògùn ara ríro.

Bí mo ṣe ń ṣe é fún èèyàn mẹ́rin sí márùn-ún rèé. Ààbọ̀ ife òróró, ìyẹn bíi 120 mílílítà. Ẹyọ aáyù méjì péré, kì í ṣe mẹ́jọ. Ẹ la ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí méjì ní gígùn, kí ẹ wo àárín rẹ̀: bí ẹ bá rí ọ̀mùnú aláwọ̀ ewé níbẹ̀, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ọ́, ó máa ń korò. Ẹ gé ìyókù wẹ́wẹ́.

Ẹ dúró síbí yìí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Iyọ̀ kì í yọ́ nínú òróró. Ẹ lè rò ó títí di alẹ́, ìsàlẹ̀ àwo ni á jókòó sí, búrẹ́dì àkọ́kọ́ á tẹ́, èyí tó kẹ́yìn á wá dà bí omi òkun. Nítorí náà, orí pátákó ìgé-nǹkan ni iyọ̀ ti ń bá aáyù pàdé. Ẹ wọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kékeré lé aáyù gígé náà lórí. Ẹ dá ọ̀bẹ dùbúlẹ̀, ẹ fi ìhà rẹ̀ tẹ aáyù mọ́lẹ̀, kí ẹ fà á wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ kó o jọ, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà, aáyù á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, iyọ̀ á dẹ́kun híhan lábẹ́ ọ̀bẹ, gbogbo rẹ̀ á wá lẹ̀ mọ́ irin bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. Iyọ̀ ti wọ inú omi ara aáyù nìyẹn, ibikíbi tí aáyù bá lọ nínú òróró, iyọ̀ ń bá a lọ.

Ẹ da ìdá kan nínú mẹ́ta òróró náà sínú páànù tútù, ẹ kó aáyù sí i, ẹ wá tan iná kékeré sí i. Ẹ má kọ́kọ́ mú òróró gbóná kí ẹ tó da aáyù sí i. Ẹ dúró tì í. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ìfóòfó kéékèèké á máa yọ yí aáyù ká bíi ti mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, òórùn rẹ̀ á sì dé pálọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣì funfun. Ẹ gbé e kúrò, kí ẹ dà á jáde kúrò nínú páànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ (ẹ rántí ọ̀gá mi) sórí ewé gbígbẹ tó ti wà nínú abọ́: oregano ìlàjì ṣíbí kékeré, rosemary díẹ̀ tí ẹ ti fi ọwọ́ rún tàbí gún, kó má baà gún èèyàn lẹ́nu, àti ata gígún ìwọ̀n tí ìka méjì lè gbé. Ooru òróró á jí ewé gbígbẹ náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ da ìdá méjì tó kù sí i ní tútù. Ìdí tí mi ò fi gbé gbogbo òróró kaná ni pé òórùn dídùn tí ẹ san owó lé lórí, atẹ́gùn ni ooru máa ń fún. Ewé tútù bíi parsley tàbí basil ló kẹ́yìn, pẹ̀lú ata dúdú lílọ̀ díẹ̀.

Bí àlejò bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi iná sílẹ̀. Ẹ tẹ aáyù àti iyọ̀ bí mo ṣe wí, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ bí ìlàjì ṣíbí kékeré lé e, ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó da òróró sí i. Kíkan máa ń gba títa lọ́wọ́ aáyù. Nígbà mìíràn aáyù á yí padà di aláwọ̀ ewé nítorí kíkan yẹn. Ẹ má fòyà, kì í ṣe májèlé.

Efinrin ńkọ́? Ìbátan ni òun àti basil, ìdílé kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n efinrin ni ẹ̀gbọ́n tí ohùn rẹ̀ máa ń bo ti gbogbo ilé. Thymol tó ń mú táìmù rùn bó ṣe ń rùn ló pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ efinrin wa. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ yọ oregano kúrò, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, kí ẹ sì fi ewé méjì sí mẹ́ta péré, tí ẹ gé bí irun, sí ìwọ̀n òróró tí mo sọ yẹn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹpẹ súùpù láìsí ẹran lẹ máa bá nínú àwo. Tútù ni kó jẹ́ o. Èyí tó ti dì nínú fírísà máa ń dúdú, ẹ fi se ọbẹ̀.

Fún ọgbọ̀n èèyàn, ẹ ṣírò 20 mílílítà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 600 nìyẹn, ẹ ra ìgò onílítà kan tàbí ti 750 kó má baà wọ́n yín. Ẹyọ aáyù mẹ́wàá tó. Ohun tí ẹ lè ṣe sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni ewé gbígbẹ àti ata: ẹ pò wọ́n pọ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ dé e, kò sí omi níbẹ̀, kò sí ewu. Aáyù àti òróró kò gbọdọ̀ pàdé títí di ọjọ́ náà.

Ẹ sì mọ àwọn èèyàn wa. Aago mẹ́rin tí ẹ kọ sínú ìwé ìpè, aago mẹ́fà ni. Ẹ má gbé òróró sórí tábìlì ní aago mẹ́rin kó máa dúró dè wọ́n. Kò yẹ kó ju wákàtí méjì lọ níta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí ẹ tó tẹná sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà. Àwo pẹrẹsẹ kan fún èèyàn márùn-ún, kí òróró má jìn, kí búrẹ́dì lè kan ewé tó wà nísàlẹ̀. Ẹ tọ́jú àwo kan tí kò láàyù fún ẹni tí kì í jẹ ẹ́, ó máa ń wà láwùjọ. Bí ẹ bá ra fínígà balsamic ti Modena, ẹ kán an sí àárín àwo, ẹ má rò ó pọ̀.

Búrẹ́dì Agége? Mo fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà àgànyìn ju bí mo ṣe lè wí lọ, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù fún èyí, ó sì ládùn ṣúgà. Á mu òróró tán lẹ́ẹ̀kan, á sì ya sọ́wọ́. Ẹ wá búrẹ́dì tí èèpo rẹ̀ le, tí inú rẹ̀ ní ihò. Ciabatta dára, ó jọ ohun àtijọ́, àmọ́ ọdún 1982 ni wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀ ní Ítálì. Kí ẹ mú un gbóná kí ó tó jáde. Àwọn ará Tuscany ní Ítálì kì í fi iyọ̀ sí búrẹ́dì ìbílẹ̀ wọn rárá. Bí wọ́n bá ti fún òróró tuntun lóṣù kọkànlá, wọ́n á yan búrẹ́dì náà lórí iná, wọ́n á fi aáyù ra á lára, wọ́n á da òróró lé e, wọ́n á wá wọ́n iyọ̀. Fettunta ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, iṣu sísun àti epo pupa tí wọ́n wọ́n iyọ̀ sí ló wá sí mi lọ́kàn.

Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú abọ́ kíṣìnnì, tí kò tíì jáde síta, ẹ gbé e sínú fíríìjì kíákíá. Òróró náà á dì, á sì funfun, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn onímọ̀ fún un ní ọjọ́ mẹ́rin ní ìwọ̀n ooru 4. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá ọjọ́ kejì. Ẹ se sùpàgẹ́tì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dà á lé e lórí nígbà tó ṣì ń ru èéfín, ẹ dín ẹyin méjì sí i, kí ẹ gbé e fún ọlọ́jọ́ ìbí níbi tó ti ń sinmi ijó àná.